Ìrẹsì Tó Ní Ká Ṣíjú

Ẹnu Ìyá Sàídì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, lórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní Ifákọ̀, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà tí kò pọ̀ tó ohun tí ènìyàn ń jókòó ṣà. Ohun tí n kò fojú rí nínú rẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún mi. Ìyókù ṣojú mi. Kódà, ojú mi gan-an ni wọ́n lò.

Má kán mi lójú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́.

Ará Kétu ni mí. Kì í ṣe Kétu tí àwọn kọ̀ndọ́ ọkọ̀ ń pariwo ní Èkó o. Kétu gan-an, lẹ́yìn bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń ná owó séfà, tí wọ́n sì ń fi Faransé na ọmọ níléèwé. Àwọn òyìnbó kan ló jókòó lọ́jọ́ kan, tí wọ́n fa ìlà gba oko bàbá bàbá mi kọjá. Ọ̀kan ní apá ibí ni tòun, èkejì ní apá ọ̀hún ni tòun. Wọn ò bi iṣu inú ebè léèrè. Nítorí ìlà yẹn ni mo ṣe di àjèjì ní Èkó, èmi tí mò ń fi èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún ná ọjà ní Agége.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nígbà tí mo dé kì í ṣe ariwo, kì í sì í ṣe ọkọ̀. Ìkíni ni. Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́, mo jáde sí àárín ọgbà, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń fọ eyín lẹ́bàá kànga: ẹ kú àárọ̀, ṣé dáadáa la jí, àwọn ọmọ ńkọ́, ará ilé ńkọ́. Obìnrin kan yọ búrọ́ọ̀ṣì kúrò lẹ́nu, ó wò mí láti orí dé àtàǹpàkò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ yá?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ irú ibi tí mo wà.

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ni, ní ìhà Ọ̀gbà. Ọ̀rá tí wọ́n ń fi di búrẹ́dì, èyí tí wọ́n ń fi di omi. Ẹ̀rọ yẹn gbóná bí inú ààrò, òórùn rẹ̀ sì máa ń tẹ̀lé ènìyàn wọ inú oorun. Káṣúà ni wọ́n ń pè wá. Káṣúà ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ tí ọ̀gá kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ní ká lọ jẹun, mo tú búrẹ́dì àti ẹ̀wà mi, mo sì sọ ohun tí ọmọ tí wọ́n tọ́ máa ń sọ: "Ẹ wá jẹun o." Nílé wa, ìdáhùn rẹ̀ ni "á gba ibi ire," olúkálùkù á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Làmídì, tó ń gé ọ̀rá, dìde, ó fọwọ́, ó jókòó tì mí, ó sì jẹ búrẹ́dì náà dé ìdajì.

"Ọ̀gá," ó ní, bó ṣe ń nu ẹnu, "ẹ pè mí, mo wá. Ṣé kí n wá kọ ìpè àgbà ni?"

A di ọ̀rẹ́. Òun ló bá mi wá yàrá nínú ọgbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Ifákọ̀. Òun náà ló kọ́kọ́ pè mí ní Àgànyìn. Kò fi ṣèkà. Lójú ará Èkó, gbogbo ẹni tó bá ti wá láti ẹ̀yìn bọ́dà, Àgànyìn ni, ẹ̀wà ló sì yẹ kó máa tà. Bí mo bá la ẹnu, tí Yorùbá tó jinlẹ̀ ju tiwọn lọ jáde, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́ bí Àgànyìn ṣe ń fọ èdè wa!" Èdè wa. Bí ẹni pé mo jí i lórí okùn tí wọ́n sá a sí.

Ní ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè. Fóònù ọmọ ará ilé kejì ló ń lò. Ìbéèrè rẹ̀ kì í yí padà.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, ìyá mi."

"Kí lo jẹ?"

Màá ní iyán. Màá ní ẹran ìgbẹ́. Gààrí tí mo rẹ á sì máa wò mí láti inú abọ́, á máa wú, bí ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí ohun gbogbo gbówó lórí, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wa kó wa jọ. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní epo tí àwọn ń dà sínú jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n ju ọ̀rá tí à ń ṣe lọ. Ó ní ẹbí kan ni gbogbo wa. Ó ní kí àwọn káṣúà lọ sinmi ná, òun á ránṣẹ́. A ṣì wà lẹ́nu ìsinmi ọ̀hún. Ẹbí náà kò tíì ránṣẹ́.

Ìyá Sàídì wà lára àwọn tó lọ sinmi. Òun ló máa ń ka ọ̀rá, tó máa ń dì í ní ìdìpọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, opó ni. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀ ti kú, ó sì fi Sàídì àti àwọn àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Bí ebi bá ń pa á, á fọ ìkòkò, á gbé e ka iná, á bu omi sí i, á dé e, kí àwọn ará ilé lè rí èéfín.

Ọjọ́ tó ń ṣa ẹ̀wà yẹn ló tó sọ ọ́ fún mi. Mo ti bi í pé ṣé òun náà gbọ́ nípa ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ pín lórí pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fún àwọn ìdílé tí kò rí jẹ.

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. N ò lè lọ."

"Èéṣe?"

"Àbúrò ọkọ mi."

Ó wá ṣàlàyé. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí, Àlàájì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ògbómọ̀ṣọ́, pè é sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ọ nítorí pé o bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ìdílé wa kì í tọrọ jẹ. Ọjọ́ tí mo bá fojú rí i pé ò ń tọrọ jẹ ní Èkó, ọjọ́ náà ni màá wá kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi." Láti ìgbà náà, kò fi kóńgò gààrí kan ránṣẹ́. Fóònù lásán ló ń pè, láti mọ̀ bóyá orúkọ ìdílé òun ṣì mọ́.

"Àwọn tó ń pín in kì í fúnni lásán," Ìyá Sàídì ní. "Wọ́n á ya fídíò. Wọ́n á gbé e sórí Wáásàápù. Àlàájì kò níṣẹ́ méjì ju kó máa wo fóònù lọ."

Òótọ́ ló sọ. Olóore tó ń pín ìrẹsì yìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò nílò rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lára gbogbo ògiri láti Ifákọ̀ dé Abúlé Ẹ̀gbá, ó tún wà lára àpò ìrẹsì náà, ojú rẹ̀ sì tóbi ju ìrẹsì inú rẹ̀ lọ. Ó ti rán ọkọ̀ alágbọ̀rọ̀sọ wá kéde: ìrẹsì, gààrí, òróró, àti owó díẹ̀ nínú àpòòwé. Ẹni tó bá fẹ́ gbà, kó wá fúnra rẹ̀. Kó gbé àpò sókè. Kó wo kámẹ́rà. Kó dúpẹ́.

Ìyàwó Làmídì, Ìyá Hàníífà, wà nítòsí tó ń sá aṣọ. Ẹlẹ́hàá ni, láti ọjọ́ tí mo ti dé ọgbà yẹn, n kò mọ ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ó dúró, aṣọ tútù lọ́wọ́.

"Ìyá Sàídì," ó ní, "ta ló mọ ojú ẹlẹ́hàá?"

Ìyá Sàídì gbé ojú sókè kúrò lára ẹ̀wà.

"Mo ní èkejì aṣọ yìí nínú àpótí," Ìyá Hàníífà ní. "Ṣùgbọ́n aṣọ Ọlọ́run ni o. Ẹ má fi ṣeré."

Bí ọ̀rọ̀ náà ìbá ti mọ síbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ògiri ọgbà wa kò nípọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Bọ́sẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn yàrá Làmídì, níbi tí a jókòó sí. Ará Èkìtì ni Ìyá Bọ́sẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, aṣáájú àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń bọ̀ bí òjò ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń bọ̀. Ó kọ́kọ́ kí wa dáadáa, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Hàníífà, ṣé ó ku ọ̀kan?"

"Mọ̀mí! Ẹ̀yin náà?"

"Èmi tí mo kọ́ ìdajì àdúgbò yìí ní a-b-d. Ṣé kí ọmọ tí mo kọ́ wá gbé kámẹ́rà sí mi lójú, kó ní kí n dúpẹ́? Bá mi wá nǹkan dúdú kankan."

Ọ̀rọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ ló ṣí ìdérí ìkòkò. Àwọn obìnrin tí n kò rò pé ebi lè mọ ilé wọn ni wọ́n ń yọ́ wọlé. Àwọn kan rán tiwọn lára aṣọ inú kóòtù àtijọ́. Ẹnì kan gé kọ́tìnì ilé rẹ̀, òdòdó ṣì wà ní etí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé gbogbo wa la ti ń gbé ìkòkò omi ka iná.

Lọ́jọ́ ìpín, pápá kún. Oòrùn mú. Olóore pẹ́ dé, nítorí pé ẹni tó pa ebi mọ́ra lè pa oòrùn mọ́ra. Nígbà tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, wọ́n ní kí àlùfáà àgbà àdúgbò wá gbàdúrà. Bàbá náà dìde, ó wo ìlà àwọn obìnrin, ó rí dúdú lórí dúdú, ẹlẹ́hàá lẹ́yìn ẹlẹ́hàá.

"Máṣàllá," ó ní. "Ẹ̀sìn ti gbilẹ̀ ní Ifákọ̀ o."

Ó gbàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ebi mọ́. Gbogbo wa ṣe àmín. Ṣùgbọ́n láti abẹ́ aṣọ dúdú kan ní àárín, ohùn kan tí dídarí ìjọ ti mọ́ lára jáde gbọnrangandan:

"Àmín, ní orúkọ Jésù!"

Àlùfáà wo ilẹ̀, ó fi irùngbọ̀n bo ẹ̀rín rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì lọ jókòó.

Ìlà ọkùnrin ni mo tò sí. Nígbà tí mo dé iwájú tábìlì, ọkùnrin tó so káàdì mọ́rùn bi mí pé níbo ni mo ti wá.

"Kétu."

"Kétu-Ọjọ́ta? Ẹ lọ gba tiyín níbẹ̀."

"Rárá. Kétu gan-an, lẹ́yìn bọ́dà. Èyí tí ẹ ní níbí, ọmọ ni. Ọ̀dọ̀ bàbá ni mo ti wá."

"Áà, Àgànyìn! Bàbá, ẹ lọ se ẹ̀wà. Ti àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí lèyí."

"Ìwọ ńkọ́, níbo lo ti wá?"

"Ṣakí."

"Ṣakí etí bọ́dà! Bí àkùkọ wa bá kọ lówùúrọ̀, ẹ̀yin ló ń jí."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Inú bí i, ó sì fi ọwọ́ tì mí sí ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni mo dúró sí nígbà tí ariwo sọ ní ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin.

Ìyá Sàídì ló wà níwájú. Bàtà rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ó di àpò mú ní apá kan, ọkùnrin tó ń ya fídíò di apá kejì mú.

"Ìyá, ẹ ṣíjú díẹ̀. Ẹ ní, 'Ẹ ṣé, Olóore.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò ṣíjú. Kò sì fi àpò sílẹ̀. Ọkùnrin náà gbé kámẹ́rà sí ọwọ́ òsì, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí etí aṣọ ojú rẹ̀. Mo ń ro Àlàájì tó ń wo fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ń ro ọkọ̀ tó máa wá kó Sàídì àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ, sí ìdílé tí kì í tọrọ jẹ, tí kì í sì í fúnni jẹ.

"Ọmọ mi, mú ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀."

Àlùfáà ni. Ó ti dìde.

"Àfáà," ọkùnrin náà ní, "ṣé gbogbo ìwọ̀nyí ni ẹlẹ́hàá? A gbọ́ orúkọ Jésù níbẹ̀ o! Ẹ wo èyí, kọ́tìnì ló fi bojú!"

"Ẹni tó bo ojú rẹ̀ ti sọ ohun tó fẹ́. Ìwọ tí o fẹ́ ṣí i, kí lo fẹ́ ká mọ̀ ọ́ sí?"

Olóore gba ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀sọ. Ó rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn kó tó sọ̀rọ̀. "Àfáà, mi ò bá yín jà. Àgbà ni yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó fún wa lówó wà nílùú òyìnbó, ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè. Ojú ènìyàn ni ẹ̀rí. Bí kò bá sí ojú, kò sí ìrẹsì." Ó kọjú sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ kó o padà sínú ọkọ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìrẹsì tí wọ́n kó wá fún ẹni tí ebi ń pa, wọ́n ń kó o lọ nítorí pé ojú ń ti ẹni tí ebi ń pa.

N kò mọ ìgbà tí mo débẹ̀.

"Ojú ni ẹ ń wá?" mo ní. "Tèmi rèé. Kò sí ẹbí mi ní Èkó tó lè rí i. Ẹ yà á títí kó fi gbó."

Ọlọ́kámẹ́rà wò mí. Ó yí mi po bí ẹni tó ń ra ewúrẹ́. "Ọ̀gá," ó sọ fún Olóore, "ojú yìí dáa. Ó ti gbẹ. Ebi hàn níbẹ̀ kedere." Olóore ní ojú kan náà tó, kí wọ́n sọ àwọn àpò yòókù kalẹ̀ fún àwọn obìnrin.

Bí mo ṣe rí ojú rere ní Èkó nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n gbé àpò lé mi lórí. Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní rárá, kí n kọ́kọ́ sunkún díẹ̀, kí ẹ̀rín tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní kí n ní Olóore ti gba ìdílé mi là. Mo sọ ọ́. Ìdílé mi wà lẹ́yìn bọ́dà, wọ́n ń jẹ àgbàdo. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí wọ́n ní ohùn mi kò dùn tó. Gbogbo àkókò tí kámẹ́rà fi wà lójú mi, àwọn obìnrin ń kọjá lẹ́yìn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ dúdú, kóòtù, kọ́tìnì, wọ́n ń gba àpò, wọ́n ń lọ. Ìyá Sàídì kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n ní ó tó, ọmọ Ṣakí wá, ó sọ àpò náà kalẹ̀ kúrò lórí mi.

"Ẹ ṣé o, bàbá. Ẹ mọ̀ pé ti ọmọ ilẹ̀ yìí ni."

Ó sì gbé e lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gbogbo ọgbà wa ń ta sánsán fún ọbẹ̀. Mo wà nínú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, nítorí kò yẹ kí àgbàlagbà máa ṣíjú wo ìkòkò oníkòkò. Ìyá Bọ́sẹ̀ kàn án. Àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kún dé etí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Ó jọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀."

Mo tọ́ ọ wò. Kò pẹ́, Ìyá Hàníífà rán tirẹ̀ wá. Ata rẹ̀ ni kò dá a lójú. Ẹlòmíràn ní òun rò pé ó jóná. Mo tọ́ iyọ̀ wò, mo tọ́ ata wò, títí ikùn mi fi le. Kò sí ẹni tó ní "gba." Kò sí ẹni tó ní kí n gbé àwo sókè. Bí àwọn tó mọ oore í ṣe ti máa ń ṣe é nìyẹn, láti ìgbà tí kò tíì sí ìlà kankan lórí ilẹ̀: wọ́n á sọ ẹni tí ebi ń pa di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó ran àwọn lọ́wọ́. Olóore lọ sí iléèwé gíga. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní èyí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi pè. Kò bi mí bóyá mò ń jẹun.

"Mo rí ọ!" ó ń pariwo. "Nínú fóònù! O gbé àpò ìrẹsì lérí, ò ń rẹ́rìn-ín, tọ̀yàyà-tọ̀yàyà! Gbogbo àdúgbò ló wá bá mi yọ̀. Èkó ti gbà ọ́, ọmọ mi!"

"Ó ti gbà mí, ìyá mi."

"Ìgbà wo lo máa fi díẹ̀ ránṣẹ́?"

Mo ní láìpẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni Àlàájì pe Ìyá Sàídì. Orí bẹ́ńṣì la jọ wà, àwọn ọmọ ń jẹun lẹ́sẹ̀ wa. Ó tẹ fóònù náà kí ohùn lè jáde síta, nítorí kò fẹ́ dá a gbọ́.

"Ìyàwó wa, mo rí fídíò àdúgbò yín. Àwọn ẹlẹ́hàá ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn olùfọkànsìn. Mo wò ó dáadáa, n kò rí ọ. Inú mi dùn."

"Ẹ ṣé, Àlàájì."

"Ṣùgbọ́n mo rí ọkùnrin kan o! Àgbàlagbà! Ó gbé àpò sórí, ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n sọ sílẹ̀ láti ilé wèrè. Irú ènìyàn wo nìyẹn? Ṣé kò ní ìdílé ni? Ṣé ọgbà kan náà lẹ jọ ń gbé? Bí ó bá jẹ́ irú wọn ló yí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ká, mò ń bọ̀ wá kó wọn. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Sàídì dá òkèlè dúró. Ìyá Sàídì wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó wá gbé ojú sókè, ó wò mí. Èmi náà wò ó. N kò mi orí, n kò sì ṣẹ́ ojú.

"Àlàájì," ó ní, "n kò mọ̀ ọ́n. N kò rí i rí."

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ká ní ìwọ ni Ìyá Sàídì lọ́jọ́ náà, ṣé wàá ní o mọ̀ mí?